Bourgogne nínú ọkọ̀ àyálò: ìrìn-àjò tọkọtaya láti Dijon dé Vézelay

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Àwọn ìlú Bourgogne tó owó tí tọkọtaya máa ná lé wọn lórí. Ojú ọ̀nà wọn dán, oúnjẹ wọn dùn fún ẹni tó bá mọ àkókò tí wọ́n ń tẹ́ tábìlì. Ìdí káńtà àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ ni owó ti ń jò, Òṣogbo níbí sì ni èèyàn ti ń dí ihò náà. Ẹni tó bá dé ọ̀hún kó tó máa wá ohun tó máa fi dí i, ó ti pẹ́.

Bourgogne wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn Paris, nílẹ̀ Faransé. Ọ̀nà tí à ń gbé yẹ̀ wò yìí bẹ̀rẹ̀ ní Dijon, ó gba Beaune àti Autun lọ sí Semur-en-Auxois, ó kọjá sí Avallon àti Vézelay, ó dé Auxerre, ó wá yí padà sí Dijon. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi 420 kìlómítà. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn ti Òṣogbo lọ Èkó kó sì padà. Dijon sí Beaune kò ju Òṣogbo sí Ilé-Ifẹ̀ lọ. Ọjọ́ méje ló bá a mu. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta sáré e, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni yóò ti rí gbogbo ìlú náà.

Ẹ má ṣe gba ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle. Ẹni tó fi òru wọ bàálù láti Ìkẹjà kò yẹ lẹ́ni tó ń já sí títì tó yí Paris ká láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tún wa ọkọ̀ ju 300 kìlómítà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin TGV láti Gare de Lyon ní Paris dé Dijon kò gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ, káńtà àwọn ọlọ́kọ̀ sì wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Dijon. Ẹ sun oorun òru kan ní Dijon, kí ẹ gba ọkọ̀ láàárọ̀.

Ní ti ìwé, òfin Faransé gbà kí àlejò tó wá fún ìgbà díẹ̀ fi ìwé ìwakọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wakọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò bá sí ní èdè Faransé, ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí tàbí ìwé ìwakọ̀ ti àgbáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ti FRSC, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ rántí pé ìwé ti àgbáyé kò dá dúró, méjèèjì ni wọ́n máa ní kí ẹ mú wá. Káàdì gangan ni kí ẹ sì mú lọ, ẹ má gbé bébà onígbà díẹ̀ tí wọ́n fún yín nígbà tí káàdì kò tíì jáde. Ẹ wo ọjọ́ tí káàdì máa kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó àfi ìgbà tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bá dá wọn dúró ní Òkè-Fìà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń béèrè pé kí awakọ̀ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kí ìwé rẹ̀ sì ti lo ọdún kan ó kéré tán. Ẹni tí kò bá tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sábà máa ń san àfikún.

Físà Schengen ni físà tí ẹ máa gbà. 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò. Èkó tàbí Àbújá ni ẹ ti máa lọ tẹ̀ka, kì í ṣe Òṣogbo. Títí físà á fi jáde, ọkọ̀ àti ilé tí ẹ lè fagi lé láìsan owó nìkan ni kí ẹ máa bù, ìyẹn kí ẹ gbà sílẹ̀ ṣáájú.

Káàdì báńkì ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ti ń fọ́. Kí ọlọ́kọ̀ tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́, yóò dá owó kan dúró lórí káàdì yín. Kò mú un lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ná an títí tí ẹ ó fi dá ọkọ̀ padà, nígbà míì ó máa ń lo ọjọ́ mélòó kan sí i lẹ́yìn náà. Káàdì kírẹ́díìtì ni wọ́n fẹ́, orúkọ awakọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káńtà kì í gba káàdì tí wọ́n bá kọ “debit” tàbí “prepaid” sí lára, irú èyí tí ọ̀pọ̀ báńkì wa ń fún oníbàárà, kódà kó jẹ́ ti àkáǹtì owó dọ́là. Tí káàdì kírẹ́díìtì bá jẹ́ ti ìyàwó, ìyàwó ni kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ bu ọkọ̀, òun ni kí ó jẹ́ awakọ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ kò lè na káàdì ìyàwó rẹ̀ sí wọn kó ní àwa méjèèjì ti di ọ̀kan. Tọkọtaya tí kò bá ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ rárá, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n béèrè irú káàdì tí ẹ̀ka Dijon ń gbà, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ sórí bébà mú dání. Ẹni tó bá dé káńtà láìní káàdì tí wọ́n fẹ́ kò ní rí ọkọ̀ gbà, owó tó ti san sílẹ̀ sì lè má padà.

Nígbà tí ẹ bá ń bu ọkọ̀, ẹ wo jíà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn ní Òṣogbo báyìí, ọ́tò ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ kékeré tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n sábà máa ń jẹ́ èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, tó sì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́tò wà, ó kàn wọ́n jù ú lọ, ó sì tètè ń tán. Òkè Semur àti Vézelay kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Àǹfààní kan wà fún wa tí ará London kò ní: apá ọ̀tún títì ni Faransé ń gbà bíi tiwa, apá òsì sì ni sítíárìn wà.

Tí ẹ̀yin méjèèjì bá máa wakọ̀, ẹ kọ orúkọ ẹnì kejì sínú ìwé àdéhùn, kódà tí wọ́n bá gbowó lé e. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ bá wà nídìí sítíárìn nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ìnṣọ́ránsì yóò yọ ọwọ́ rẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tó bá ọkọ̀ wá pàápàá ní ohun tí wọ́n ń pè ní franchise, ìyẹn iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa san kí wọ́n tó dá sí i. Ó lè tó 1,000 yúrò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà, gíláàsì àti abẹ́ ọkọ̀ sì sábà máa ń wà lẹ́yìn odi. Ọmọ káńtà yóò fẹ́ ta àfikún tó ń pa franchise yìí rẹ́, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ lè ti ra irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó tó kéré sí i, àmọ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀: ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sanwó fún ọlọ́kọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gba a padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Fún ẹni tí owó káàdì rẹ̀ há, tọwọ́ káńtà ló bá a mu, bó tilẹ̀ wọ́n.

Kí ẹ tó tẹ sítátà, ẹ ya fídíò ọkọ̀ yí po. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ríìmù tó ti ha mọ́ etí kọnkéré ni ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà iwájú, ẹ wo gíláàsì iwájú bóyá òkúta ti bà á, ẹ ya geji epo àti iye kìlómítà. Ohunkóhun tí kò bá sí lórí bébà wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Ẹ wò bóyá jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yanranyanran àti onígun mẹ́ta ìkìlọ̀ wà nínú ọkọ̀. Òfin ni méjèèjì, jákẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè tó o láìjáde.

Ọ̀rọ̀ epo ní pańpẹ́ kan tó ń mú àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tí kò gbọ́ lọ. Gazole tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ, dísù ni. Ó jọ orúkọ tí ará Amẹ́ríkà ń pe bẹntiróò, ẹni tó bá sì fi ìrísí ọ̀rọ̀ náà ṣe, yóò da dísù sínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróò. Bẹntiróò ni SP95, SP95-E10 àti SP98. Ẹ ṣí ìdérí táńkì, ohun tí ọkọ̀ ń mu wà níbẹ̀: E5 tàbí E10 nínú róbótó fún bẹntiróò, B7 nínú igun mẹ́rin fún dísù, àmì kan náà sì wà lára ẹ̀rọ àti ẹnu róbà. E85 kì í ṣe tiyín, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe tẹ sítátà rárá; fífa epo náà jáde kò ní ná yín tó pọ́ńpù tó bá jẹ. Ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọjà ńlá bíi Leclerc àti Intermarché ló rọjú jù, tojú ọ̀nà owó oníbodè ló wọ́n jù. Lálẹ́ àti lọ́jọ́ Sunday, ẹ̀rọ ló ń tà á, kò sí ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́: ó lè dá owó tó tó 150 yúrò dúró lórí káàdì kó tó mọ iye tí ẹ rà, ó sì máa ń kọ káàdì òkèèrè nígbà míì. Nítorí náà, ẹ ra epo lọ́sàn-án Saturday. Ọkọ̀ kékeré tó ń mu lítà mẹ́fà ní 100 kìlómítà kò ní mu ju bíi lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ fún gbogbo òbìrípo yìí.

Ìwakọ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Ó kàn jẹ́ pé pátákó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe họ́ọ̀nù. Nínú ìlú, òfin kò gba họ́ọ̀nù àyàfi tí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ́ lára láti fi họ́ọ̀nù kí èèyàn ní Ọlá-Ìyá, kí ó kó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Pátákó funfun tí orúkọ ìlú wà lára rẹ̀ pẹ̀lú etí pupa, òun fúnra rẹ̀ ni òfin: láti ibẹ̀, eré yín kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, bí kò tiẹ̀ sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fa ìlà pupa gba orí orúkọ náà kọjá ni ìlú ti parí. Lóde ìlú, 80 ni, àwọn agbègbè kan ti dá a padà sí 90. Títì oníhà méjì jẹ́ 110. Ojú ọ̀nà owó oníbodè jẹ́ 130, tí òjò bá ń rọ̀ ó di 110. Kámẹ́rà ni ọlọ́pàá ibẹ̀. Tí ó bá mú yín, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò fún wọn ní orúkọ yín, yóò sì yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ lórí káàdì yín lọ́tọ̀, owó ìtanràn gan-an yóò tún wá bá yín nílé. Fóònù lọ́wọ́ jẹ́ 135 yúrò. Ohun tí wọ́n ń kì bọ etí náà léèwọ̀ fún awakọ̀.

Òfin kan wà tó ń da àlejò láàmú: priorité à droite. Nínú ìlú kékeré, níbi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé tí kò sí pátákó, ẹni tó ti apá ọ̀tún yín jáde ló ni ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tóóró ló ti yọ, tí ẹ̀yin sì wà lórí títì ńlá. Kò ní dúró, kò sì ní wò yín. Tí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun rẹ̀, tó pupa bí ìyeyè láàárín, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà. Níbi tí wọ́n bá ti fa ìlà dúdú gbà á kọjá, ó ti parí. Ní ráńdábáòtù tí wọ́n bá kọ “Cédez le passage” sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ dúró fún ẹni tó ti wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sì sọnù láàárín ìlú, ẹ wá pátákó “Toutes directions”. Ó ń gbé gbogbo ọkọ̀ jáde sí títì ńlá, ó sì máa ń gbani ju Google Maps lọ níbi tí àdúgbò bá ti tóóró.

Ọ̀nà owó oníbodè kò pọ̀ nínú ìrìn yìí, ìdí kan nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí ẹ ó ti bá a pàdé ni A6 nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti Auxerre. Ẹ ó gba tíkẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ ti wọlé, ẹ ó sanwó níbi tí ẹ ti jáde. Ẹ má ṣe wọ ìlà tí lẹ́tà “t” aláwọ̀ ọsàn nìkan wà lókè rẹ̀, ti àwọn tó ní ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ ni. Ẹ wọ èyí tó ní ọfà aláwọ̀ ewé tàbí àwòrán káàdì. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì síbi kan tí kò ní sọnù, torí ẹni tó bá sọ ọ́ nù, owó ibi tó jìnnà jù ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Pouilly-en-Auxois, A38 ni ẹ máa gbà dé Dijon, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá sì yà sí gúúsù dé A79, kó mọ̀ pé kò sí géètì níbẹ̀: kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, wákàtí 72 lẹ ní láti lọ sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìmọ̀ kì í ṣe àwáwí fún wọn.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú.

Dijon, ọjọ́ kan tó o. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Gustave Eiffel, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé gogoro Paris, sí ní 1832. Lára ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ kékeré kan sára òkúta, gbogbo ará ìlú tó ń kọjá ló ń fi ọwọ́ òsì pa á lára kí oríire lè bá wọn, títí ojú rẹ̀ fi parẹ́. Òwìwí ni ẹyẹ ọ̀hún. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ẹ ó fi ọwọ́ kàn án. Ní ti mọ́sítádì, ẹ ka ara ìgò: “Moutarde de Dijon” jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ibikíbi ni wọ́n ti lè ṣe é. “Moutarde de Bourgogne” ni èyí tí òfin ní kí èso rẹ̀ àti wáìnì funfun inú rẹ̀ wá láti Bourgogne, òun ló tọ́ láti gbé wálé, àyàfi fún ẹni tí kì í fẹnu kan ohun tí wáìnì bá wà nínú rẹ̀.

Láti Dijon, ẹ gba D974 lọ sí Beaune, kì í ṣe títì owó oníbodè. Ọ̀nà yìí gba àárín oko àjàrà Gevrey-Chambertin, Vougeot àti Nuits-Saint-Georges, tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2015, ọdún mẹ́wàá gééré lẹ́yìn tí wọ́n kọ igbó Ọ̀ṣun tiwa. Ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan wáìnì kó gbé e mì, 0.5 gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ni ìdiwọ̀n, ife méjì ti ń sún mọ́ ọn. Níbi ìtọ́wò, ìkòkò wà tí wọ́n ń tutọ́ rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó máa kà á sí àrífín.

Beaune ló yẹ kí ẹ sun oorun méjì sí. Hôtel-Dieu ni ojú ìlú náà, ilé ìwòsàn tí Nicolas Rolin àti ìyàwó rẹ̀, Guigone de Salins, dá sílẹ̀ ní 1443 fún àwọn aláìní. Wọ́n tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ títí di 1971. Gbogbo àlejò ló ń wo òrùlé aláràbarà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún wo ilẹ̀. Lára táìlì, lẹ́tà N àti G so pọ̀ mọ́ra wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “Seulle” àti ìràwọ̀ kan: ọkọ ló ń sọ pé aya òun nìkan ni ìràwọ̀ òun. Àwòrán ńlá tí Rogier van der Weyden yà nípa Ọjọ́ Ìdájọ́ wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀ lápá ìparí. Ẹ má ṣe fi ìkánjú jáde kí ẹ tó débẹ̀. Ọjà Beaune tó tóbi jù jẹ́ àárọ̀ Saturday. Ọjà ìlú Faransé dà bí ọjà ọrọọrún ilẹ̀ wa, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ojú ibẹ̀ sì jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní àwọn ọjọ́ yòókù. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ní alẹ́ Friday, tí kò ka pátákó, yóò jí bá tòmátì níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, ọkọ̀ yóò sì ti wà ní ọgbà ìjọba. Ẹ má lọ sí Beaune ní òpin ọ̀sẹ̀ Sunday kẹta oṣù kọkànlá bí ẹ kò bá tíì ní ilé, torí ìgbà náà ni wọ́n ń lu wáìnì ilé ìwòsàn náà ní gbàǹjo, yàrá kì í ṣẹ́ kù.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù fa ìlà rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbé disque sí iwájú gíláàsì, páálí kékeré tó ń fi wákàtí tí ẹ dé hàn. Ilé tábà ń tà á. Wákàtí kan ààbọ̀ ló wọ́pọ̀. Ibi ìsanwó sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́ láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán.

Autun wà ní bíi 50 kìlómítà sí Beaune lórí D973. Ayé àwọn ará Róòmù ni ìlú náà ti wà, géètì wọn méjì ṣì dúró, ọkọ̀ ṣì ń gba abẹ́ wọn. Lókè ìlẹ̀kùn kàtídírà Saint-Lazare, àwọn ère ìdájọ́ wà níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, pẹ̀lú orúkọ Gislebertus, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló gbẹ́ wọn. Ààbọ̀ ọjọ́ tó fún un.

Láti Autun, D980 gba Saulieu lọ sí Semur-en-Auxois, bíi 70 kìlómítà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ igbó Morvan. Ẹ má ṣe gbà á lálẹ́. Àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń sọdá. Semur ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Odò Armançon yí i ká, ilé ìṣọ́ ńlá mẹ́rin dúró lórí òkúta, ọ̀kan ní ojú là tó ń dẹ́rù ba ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Orí afárá Pont Joly ni kí ẹ ti ya fọ́tò. Kò sí èrò níbẹ̀ bíi ti Beaune, yàrá sì rọjú. Ẹ fi ibẹ̀ ṣe ibùdó fún òru méjì, kí ẹ lọ sí Fontenay, ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1118, tí ilé alágbẹ̀dẹ wọn ṣì dúró, àti Flavigny níbi tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún da ṣúgà bo horo áníìsì kan ṣoṣo títí yóò fi di súìtì. Páálí súìtì yìí kò wúwo, kì í yọ́ nínú ooru Òṣogbo, òun ló dára jù láti há fún ará ilé.

Avallon, ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ máa lọ. Vézelay jẹ́ 15 kìlómítà síwájú. Ìsàlẹ̀ òkè ni ẹ máa gbé ọkọ̀ sí, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ gun ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ sí bàsílíkà Sainte-Marie-Madeleine. Ibẹ̀ ni Bernard ti Clairvaux, olórí àwọn mọ́ńkì kan, ti pe àwọn èèyàn sí ogun ìsìn kejì ní 1146. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ. Láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́rin ọ̀sán, bọ́ọ̀sì àlejò kún ibẹ̀. Ẹni tó sùn lórí òkè náà ni yóò ní in fún ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Auxerre lẹ́bàá odò Yonne dára, a kò sì lè sọ pé ẹni tó bá fò ó pàdánù nǹkan púpọ̀.

Oúnjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ aago. Aago méjìlá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀sán, tí ẹ bá dé lẹ́yìn aago kan ààbọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ilé ìdáná ti parí iṣẹ́. Alẹ́, aago méje sí mẹ́sàn-án. Láàárín rẹ̀, kò sí ohun tó dà bí bùkátéríà Old Garage tó ń dáná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Búrẹ́dì lẹ ó rí. Sunday alẹ́ àti Monday, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ a ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n kọ “formule” tàbí “menu du jour” sí ló rọjú jù, ó sì sábà máa ń dára ju ti alẹ́ lọ. Ẹ béèrè “une carafe d'eau”, omi ẹ̀rọ ni, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin, búrẹ́dì náà kò ní owó tirẹ̀. Owó iṣẹ́ ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìgbín Bourgogne gbajúmọ̀, mẹ́fà mẹ́fà tàbí méjìlá méjìlá ni wọ́n ń tà á, pẹ̀lú bọ́tà, áyù àti ewé parsley. Ẹ má ṣe retí ìgbín tiwa tó kún ọwọ́: kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, kò sì sí ata. Bọ́tà rẹ̀ ló dùn, ẹ fi búrẹ́dì nù ún. Bœuf bourguignon (ẹran màlúù), coq au vin (àkùkọ) àti œufs en meurette (ẹyin), wáìnì ni wọ́n fi sè wọ́n, jambon persillé sì jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Mùsùlùmí lè sọ “sans porc, sans alcool”. Kí ó wá ẹja, ẹyin, tàbí ilé kẹ́bábù tó kọ halal sára ògiri, Dijon àti Auxerre ní wọn. Ẹ lè mú ata gígún dání láti ilé. Ẹran àti wàrà kò gbọ́dọ̀ wọ inú Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹ fi pọ̀nmọ́ àti kílíṣí sílẹ̀ ní Òṣogbo.

Ní ti ibi tí ẹ máa sùn, chambre d'hôtes ni ká ní kí ẹ wá: yàrá nínú ilé onílé, kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ lábẹ́ òfin, oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú owó rẹ̀. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Onílé máa ń sọ àkókò tí òun ń retí yín, ó sábà máa ń jẹ́ aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá máa pẹ́, ẹ pè é. Ẹ wọlé, ẹ kí i ní “bonjour” kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ìkíni ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wọn bó ṣe ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò kí wọn yóò rí ojú rẹ̀. Ohun kan tí tọkọtaya kì í béèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú: “lit double” ti àtijọ́ kò fẹ̀ ju 140 sẹ̀ǹtímítà lọ. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá sanra bí a ti ń sanra, ẹ béèrè 160 nígbà tí ẹ bá ń bu yàrá. Taxe de séjour, owó ìlú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, lè má sí nínú iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò pọ̀.

Oṣù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án ló dára jù. Nínú oṣù karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ kìíní àti ìkẹjọ, ilé ìtajà á tì. Oṣù kẹjọ, ẹ jókòó nílé kí ẹ wo ọdún Ọ̀ṣun; àwọn Faransé fúnra wọn wà lójú ọ̀nà nígbà náà, títì á há ní gbogbo Saturday.

Ní ọjọ́ tí ẹ máa dá ọkọ̀ padà, ẹ kún táńkì ní ilé epo tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ wo aago káńtà náà ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, ọjọ́ Sunday sì lè má ṣí rárá. Ẹ lè ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí, ṣùgbọ́n ọrùn yín ni ọkọ̀ ṣì wà títí ẹnìkan yóò fi wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè di àárọ̀ Monday. Ó sàn kí ẹ dá a padà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ọmọ káńtà yí i po lójú yín, kó fọwọ́ sí bébà pé kò sí nǹkan tuntun lára rẹ̀. Ẹ tún ya fídíò kan níbi tí ẹ gbé e sí, kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn nínú rẹ̀, kí ẹ má sì pa á rẹ́ nínú fóònù títí owó tí wọ́n dá dúró á fi padà sórí káàdì.